Etí, Imú àti Àtẹ́lẹwọ́: Bí Mo Ṣe Kọ́ Yíyẹ Fabia vRS Wò

Ọ̀gá mi kì í fi ọkọ̀ tuntun kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ó ní ọkọ̀ tuntun kò tíì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Škoda Fabia vRS ló fi kọ́ mi bí a ṣe ń yẹ ọkọ̀ àlòkù wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà. Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn márùn-ún ni, wọ́n ṣe é láàárín 2003 sí 2007, ó ní ẹ́ńjìnì dísù 1.9, agbára ẹṣin 130 àti jíà mẹ́fà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ọkọ̀ tí ìyá àgbà fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹni tó bá tẹ tọ́tù rẹ̀ ní jíà kẹta ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìbàdàn ni ọ̀gá ti kọ́ṣẹ́ tirẹ̀, lórí lọ́rì Mercedes 911 tó ń kó pákó, láyé tó jẹ́ pé lọ́rì, bọ́ọ̀sì gígùn àti jẹnẹrétọ̀ ló ni dísù nílé. Ó gba fíríìdọ́ọ̀mù, ó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kó tó wá di ará Manchester, níbi tó ti gba àyè lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, títú ẹ́ńjìnì kọ́ ni mo bá lọ. Àwọn ará wa tó ń ti ilé dé, nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó láti ojúlé dé ojúlé, kì í jẹ́ kí fóònù rẹ̀ sinmi: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọkọ̀ kan kí n tó sanwó.” Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ni màá kọ́kọ́ mọ̀ dé ìdí.

Ìdí tó fi mú Fabia yìí kò le. Ó lè rìn tó 50 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù kan, nítorí náà ẹni tó ń ṣọ́ owó fẹ́ ẹ. Ó ń fà bí ọkọ̀ tó jù ú lọ, nítorí náà ọmọkùnrin tó fẹ́ràn eré fẹ́ ẹ. Irú ènìyàn méjì yìí kì í tọ́jú ọkọ̀ bákan náà, ọkọ̀ kan náà sì lè ti gba ọwọ́ àwọn méjèèjì kọjá. “Àìsàn rẹ̀ kò pamọ́,” ni ọ̀gá wí. “Ó ti pẹ́ tí gbogbo mẹkáníìkì ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń lò ó ni kí o máa wá.” Inú gbólóhùn yẹn ni gbogbo ohun tó kọ́ mi lẹ́yìn náà ti jáde.

Orí tábìlì la ti bẹ̀rẹ̀, a kò tíì fojú kan ọkọ̀. Ní Britain, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún, àbájáde rẹ̀ láti 2005 síwájú sì wà lórí ìkànnì ìjọba fún ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà ọkọ̀ náà lọ́wọ́. Kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń wò ó bóyá ọkọ̀ yege. Ọ̀gá ní kí n fo ìyẹn, kí n lọ ka ìkìlọ̀ tí olùyẹ̀wò kọ sábẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀ṣì apá ìsàlẹ̀ iwájú ti ń jẹ. Táyà ẹ̀yìn ti fẹ́ẹ́ pá. Bí ìkìlọ̀ kan náà bá jókòó síbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta léraléra, wọ́n ti sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀, ó gbọ́, ó sì dákẹ́. Ẹni tó lè fi bọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ayé rí sílẹ̀, ẹ má retí pé ó pààrọ̀ ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni máìlì. Ó gbọ́dọ̀ máa gòkè lọ́dọọdún ni. Bó bá já wálẹ̀ lójijì, ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ohun tí ń mú ọ̀gá fajú ro ni máìlì tó kéré jù. Oníbàárà á máa yọ̀ pé ọkọ̀ kò rìn ju ẹgbẹ̀rún méjì máìlì lọ lọ́dún. Fún ọkọ̀ pẹtiróòlù, ó lè jẹ́ ohun ayọ̀. Dísù kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀nà jíjìn ló ń mú un gbóná délẹ̀, ooru yẹn ló sì ń jó èéfín dúdú tó bá lẹ̀ mọ́ inú tọ́bò àti ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí. Ọkọ̀ tó ń ti ilé lọ sí ilé ìtajà, tó ń ti ilé ìtajà padà sílé, èéfín á di kùkù sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi ń yan ọkọ̀ tó ti rin 150,000 máìlì lọ́nà jíjìn ṣáájú èyí tó rin ìdajì rẹ̀ nínú ìlú.

Ìwé tó kù, a kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwé V5C ń sọ orúkọ ẹni tí ìjọba mọ̀ mọ́ ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sára pé òun kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà ló ni ín. Nítorí náà a máa ń sanwó díẹ̀ láti wádìí bóyá gbèsè wà lórí ọkọ̀, a sì máa ń fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú wé ti inú ìwé.

Orí rìsíìtì la ti máa ń pẹ́. Méjì ni ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àkọ́kọ́ ni ti tàmíǹgì bẹ́líìtì. Bí bẹ́líìtì yìí bá já lórí ìrìn, písítìn á lu fáàfù, ẹ́ńjìnì á sì parí. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ǹpù omi, nítorí náà rìsíìtì tó dárúkọ bẹ́líìtì tí kò dárúkọ pọ́ǹpù omi jẹ́ iṣẹ́ ààbọ̀. Ọ̀gá ń ka ọdún bó ṣe ń ka máìlì: bó bá ti kọjá 60,000 máìlì tàbí ọdún mẹ́rin, lójú tirẹ̀ a kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. “Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀” láìsí ìwé, a ó yọ owó bẹ́líìtì kúrò nínú iye tí a máa san.

Rìsíìtì kejì ni ti ọ́ìlì, ibí yìí ni mo ti mọ ìdí tí ẹ́ńjìnì yìí fi yàtọ̀. Volkswagen (VW), ilé iṣẹ́ Jámánì tó ṣe é, ń pè é ní Pumpe-Düse, PD lẹ́nu wa. Dípò pọ́ǹpù ńlá kan tó ń pín dísù kiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú injector mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní pọ́ǹpù tirẹ̀ lórí, káḿṣáàfù ló sì ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Agbára tó fi ń ti dísù wọlé ń kọjá 2,000 bar. Táyà ọkọ̀ kan náà kò lò ju bíi méjì lọ. Gbogbo ẹrù yẹn, orí káḿṣáàfù ló wà, ọ́ìlì tín-ín-rín ló sì dúró láàárín irin àti irin. VW dárúkọ ọ́ìlì tó lè gbé e: 505.01. Ẹni tó bá ń da ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú sínú rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó bá yá ni òkè káḿṣáàfù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ẹ́ńjìnì á máa dún ta-ta-ta lókè, agbára á máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá nọ́ńbà yẹn lórí rìsíìtì.

Ìgbà tí ìwé bá ti sọ tirẹ̀ tán la máa ń lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀. Ọ̀gá á ti kìlọ̀ lórí fóònù pé kí ẹni tó ń tà á má ṣe sítáátì rẹ̀ kí a tó dé. Bí a bá ti kí ara wa tán, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni kó fi àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kì í fi àìsàn òwúrọ̀ rẹ̀ han àlejò. A máa ń dúró kó tutù, tàbí ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa rúsúrúsú tó rí bí wáyà tó yí po á tàn díẹ̀, á kú, ẹ́ńjìnì á sì gbé lẹ́ẹ̀kan. PD tó ń pòyì kó tó gbé ń sọ pé dísù ń sá padà lóru, tàbí pé plọ́ọ̀gì tó ń mú un gbóná ti kú, tàbí pé ohun tó ń wọn ooru omi ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Èmi á dúró sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàláńsà, ojú mi lára èéfín. Èyí tó funfun díẹ̀ lówùúrọ̀ tútù tó sì tètè pòórá, kò burú. Búlúù jẹ́ ọ́ìlì tó ń jó. Dúdú, a ó dúró de ojú títì kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Etí ló kàn. Láàárín ẹ́ńjìnì àti jíàbọ́ọ̀sì ni fíláwíìlì wà. Ti ọkọ̀ yìí jẹ́ irin méjì tí sípíríǹgì wà láàárín wọn, kí gbígbọ̀n dísù má baà dé ọ̀dọ̀ jíà. Bí sípíríǹgì yẹn bá ti rọ̀, irin méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà. Ọ̀gá máa ń ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíàbọ́ọ̀sì, kí n dijú. Á fi ẹsẹ̀ kúrò lórí kíláàṣì: kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: ohùn á yí padà. Á pa ẹ́ńjìnì: gbì! Ọkọ̀ á mì kó tó dúró. Bí a bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fíláwíìlì ti fẹ́ lọ. Nítorí pé jíàbọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, a kì í pààrọ̀ rẹ̀ láì pààrọ̀ kíláàṣì pẹ̀lú, owó rẹ̀ kò sì ṣòro kó kọjá £500. Lórí ọkọ̀ tó ti pẹ́ báyìí, ìyẹn lè jẹ́ ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì iye tí wọ́n ń tà á.

Imú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mo máa ń fa igi tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì dísù máa ń dúdú, ìyẹn kò dẹ́rù bani. Bó bá ń rùn bíi dísù, tó sì ga ju àmì òkè lọ, dísù ti ń jò sínú ọ́ìlì, láti ara rọ́bà injector tàbí láti ara pọ́ǹpù tó wà ní ìparí orí ẹ́ńjìnì. Pọ́ǹpù yẹn ń fa dísù, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ fún bíréèkì. Mo máa ń fi àkísà funfun nu abẹ́ rẹ̀. Bí àkísà bá rin, mo ti mọ ohun tí màá kọ.

Nínú ọkọ̀, àtẹ́lẹwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Fabia ayé ìgbà náà ní àrùn kan tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ́ńjìnì: rọ́bà tó wà nínú ilẹ̀kùn máa ń já, òjò á gba inú ilẹ̀kùn wọlé, á sì lọ fara pamọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Òkè kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ. Nítorí náà ọ̀gá kọ́ mi pé kí n kúnlẹ̀, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kí n dúró bóyá omi á rú sókè. Ní Manchester tí òjò kì í jìnnà sí, èyí kì í ṣe eré. Lẹ́yìn náà màá ṣí ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú mi wà lára iná òrùlé. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí tí iná kò tàn, ohun kékeré tó ń sọ fún ọkọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí ti kú nínú lọ́ọ̀kì. Kò ní dá ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n gbogbo lọ́ọ̀kì ni a máa pààrọ̀.

Ojú títì ni ẹ̀kọ́ tó dùn jù, ibẹ̀ náà ló sì gba sùúrù jù. A máa ń kọ́kọ́ wá ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, kí a gbà á jẹ́jẹ́. Kò-kò-kò láti iwájú: bọ́ọ̀ṣì tàbí ọ̀pá kékeré tó so ọkọ̀ mọ́ra ti jẹ. Gbàù kan ṣoṣo nígbà tí a bá yí sítíárìn: ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì iwájú ti dá. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló sábà máa ń dá sí, inú ìkòkò rẹ̀, níbi tí ojú kò tètè dé. A ó bọ́ sílẹ̀, a ó fi ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tó gbóná ju èkejì lọ, bíréèkì rẹ̀ ti ń há.

Lẹ́yìn ìyẹn, M62. Láti Milnrow, ọ̀nà yìí ń gun òkè Pennine lọ síbi tó ga jù lọ nínú gbogbo ọ̀nà mọ́tòwéè England, 372 mítà sókè. Ọ̀gá máa ń mú ọkọ̀ wọ jíà kẹrin, á tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, á sì dákẹ́. Ohun méjì là ń retí. Bí ọwọ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnì bá fò sókè tí eré kò bá a lọ, kíláàṣì ń yọ̀. Bí agbára bá kú lójijì láàárín òkè, tí ọkọ̀ ń rá bí ìgbín, tó sì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí a pa á tí a tún sítáátì rẹ̀, tọ́bò ló há. Àwọn abẹ̀bẹ̀ kékeré inú tọ́bò yìí máa ń yí láti fún ẹ́ńjìnì ní afẹ́fẹ́ tó bá a mu. Bí èéfín bá ti lẹ̀ wọ́n pa, afẹ́fẹ́ á pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà á sì gé agbára kù kí ohun gbogbo má baà bàjẹ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yege gbogbo MOT, ó sì lè wà pẹ̀lú ẹni tó ni ín lọ́dún mẹ́ta nínú ìlú láìsí pé ó mọ̀. Òkè nìkan ló ń tú àṣírí rẹ̀. Èéfín dúdú tó bo ọkọ̀ ẹ̀yìn lórí òkè yìí kan náà ń sọ pé ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ ti ṣìnà, tàbí túùbù tọ́bò ti ya, tàbí ẹnìkan ti fọwọ́ kan ọpọlọ ẹ́ńjìnì.

Ti ìkẹyìn yẹn wọ́pọ̀. Ọmọkùnrin tó bá ní vRS kì í pẹ́ gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń gbé agbára ẹṣin 130 kọjá 160. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀ bí iṣẹ́ náà bá dára tí ó sì sọ ọ́ fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ṣùgbọ́n 310 Nm ni ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀, kíláàṣì àti fíláwíìlì ló ń gbé e. Nítorí náà a máa ń so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọkọ̀, kí a lè fi afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì béèrè wé èyí tí tọ́bò fún un. Bí kò bá sí àṣìṣe kan ṣoṣo lórí ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí, tí gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín: “Ta ló gbálẹ̀ ibí láàárọ̀ yìí?”

Nígbà tí mo ti mọ Fabia, èyí tó kù rọrùn lóòótọ́. Golf GTD tí Volkswagen gbé jáde ní 2009 ní ẹ́ńjìnì mìíràn, agbára ẹṣin 170, ó sì ní DPF, asẹ́ tó ń mú èéfín, èyí tí Fabia yìí kò ní. Ìrìn kúkúrú á tètè dí asẹ́ yẹn ju bó ṣe ń dí tọ́bò lọ. Àwọn kan ń yọ inú rẹ̀ dànù; láti oṣù Kejì 2014, ọkọ̀ tó yẹ kó ní asẹ́ tí kò ní in kò lè yege MOT. Ìbéèrè kan náà ló tún padà wá: ta ló ń lò ó, níbo, ìrìn wo?

Àwọn ìpè kan wà tí a máa ń parí lórí fóònù. Ará wa kan ní London rí vRS tí owó rẹ̀ kò pọ̀, inú rẹ̀ dùn. Ọ̀gá bi í léèrè bóyá ó mọ ULEZ. Láti 29 oṣù Kẹjọ 2023, gbogbo àdúgbò London ló ti bọ́ sábẹ́ òfin yìí: ọkọ̀ dísù tí kò bá dé òṣùwọ̀n Euro 6 ń san £12.50 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá rìn, kò sì sí Fabia yìí kan tó dé ibẹ̀. Ìdí tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ ní London nìyẹn. Òmíràn fẹ́ rà á ránṣẹ́ sí Èkó. Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, Nàìjíríà sì ti kúrò lórí ìwakọ̀ apá òsì láti 2 oṣù Kẹrin 1972. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìṣirò ni ọ̀gá fi kẹ́yìn ẹ̀kọ́ mi. Mo máa ń pín gbogbo ohun tí mo rí sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí a ó yọ owó rẹ̀: bẹ́líìtì, bọ́ọ̀ṣì, sípíríǹgì, bíréèkì. Èyí tí a lè fara mọ́: lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn, aṣọ ìjókòó tó ya. Èyí tí a ó tìtorí rẹ̀ padà sílé: káḿṣáàfù tó ń dún, dísù nínú ọ́ìlì, máìlì tó já wálẹ̀, ẹni tó ń tà á tó ń bínú nítorí pé a fi ọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ọ̀sì kan láti Òṣogbo ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí èmi nìkan lọ bá. Fabia méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ń dán, ó rin 80,000 máìlì, wọ́n ti gbé agbára rẹ̀ sókè, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń rú omi, rìsíìtì kan ṣoṣo ló wà, ti táyà. Èkejì rin 160,000 máìlì; ìjókòó awakọ̀ ti ya, bọ́ọ̀ṣì iwájú ń dún, fáìlì rìsíìtì rẹ̀ sì nípọn, 505.01 wà lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù omi wọ inú rẹ̀ pọ̀. Mo kọ iye bọ́ọ̀ṣì méjèèjì sórí ìwé, mo fi hàn án. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí tó ti rìn jù yìí náà ni ẹ fẹ́ kí n rà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yọ owó bọ́ọ̀ṣì kúrò nínú iye tí wọ́n pè, ó san ìyókù, ó wà á lọ sí ibi iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.